À Ń Sunkún, À Ń Ríran: Ìgbésẹ̀ Méje Láti Mọ Ohun Tó Jẹ Yín Lógún Nígbà Ìbànújẹ́ àti Ìjákulẹ̀

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá bá mi, aṣọ tó wọ̀ ló máa ń yàtọ̀. Ẹnì kan pàdánù ìyá rẹ̀. Ẹlòmíràn lo ọdún méje lẹ́nu iṣẹ́ kan, wọ́n wá gbé ipò tó ń retí fún ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹlòmíràn sì rèé, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ já a sílẹ̀ nígbà tí ìgbéyàwó ku oṣù méjì. Gbogbo wọn ni wọ́n ti sọ fún pé kí wọ́n "kọ́ ẹ̀kọ́" nínú ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò wá sí ẹni tó sọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ.

Èmi ò gbà pé ìbànújẹ́ fúnra rẹ̀ ń kọ́ èèyàn ní ohunkóhun. Mo mọ àwọn tí ìyà ti jẹ títí, tí wọn ò rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀ ju kí wọ́n máa kanra lọ. Ohun tí ìbànújẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe ni kó tọ́ka. Ibi tó bá ti dunni jù, nǹkan kan wà níbẹ̀ tí a kà sí. Iṣẹ́ tó kù di tiwa: ká wo ibi tó tọ́ka sí, ká yẹ̀ ẹ́ wò bóyá lóòótọ́ ni ohun tó wà níbẹ̀ jẹ wá lógún, àbí ojú ayé wa ló kàn fara gbọgbẹ́. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí a ṣe ń rí i nìyí.

## Ẹ yẹ ara yín wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Tí ikú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí yín, tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ẹ pa ojú ìwé yìí dé ná. Lásìkò yẹn, kí èèyàn sùn, kó jẹun, kó wẹ̀, kó rí ẹni jókòó tì í, ó ti tó iṣẹ́. Ìdánwò tí ẹ ò yege tàbí iṣẹ́ tí ẹ ò rí gbà kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ti tó kí ara rọlẹ̀.

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ tí:

- ẹ bá ti ń rí oorun sùn, kódà kó máà tíì kún;
- ẹ bá lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìjẹ́ pé gbogbo ara ń gbọ̀n;
- ó kéré tán, ẹ bá ní ẹnì kan tí ẹ lè pè nígbàkígbà;
- kì í bá ṣe ẹlòmíràn ló ń fipá mú yín.

Ẹ má ṣe é rárá, ìtọ́jú ni kí ẹ wá lọ, tí:

- èrò àtipa ara yín bá ń wá sí yín lọ́kàn. Ẹ má dá wà. Ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí yìí, kí ẹ sì kàn sí àwọn oníṣègùn pàjáwìrì níbi tí ẹ wà.
- àyà bá ń dùn yín tàbí èémí ń kúrú. Ẹ má sọ pé ìbànújẹ́ lásán ni. Àìsàn ọkàn kan wà tí wọ́n ń pè ní takotsubo. Japan ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, ìdààmú ńlá sì lè fà á. Ó jọ ìkọlù ọkàn débi pé àyẹ̀wò ilé ìwòsàn nìkan ló lè sọ èyí tó jẹ́.
- ó bá ti lé ní oṣù mẹ́fà, tí àárò ẹni tó kú ṣì le lójoojúmọ́ débi tí ẹ ò fi lè ṣiṣẹ́ tàbí tọ́jú ara yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi irú ọ̀fọ̀ tó fà gùn báyìí sínú àkọsílẹ̀ àìsàn rẹ̀, ICD-11, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022. Ó ní ìtọ́jú. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ.

Ohun tí ẹ máa lò kò pọ̀: ìwé kan tí ẹlòmíràn ò ní kà, bírò, àti ogún ìṣẹ́jú tí ẹnikẹ́ni ò ní dà yín láàmú. Ẹ pa dátà orí fóònù yín.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ dárúkọ ohun tó lọ gan-an

"Bàbá mi kú." "Wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́." Ìṣẹ̀lẹ̀ nìyẹn. Àdánù yàtọ̀ sí i, torí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo lè kó àdánù mẹ́wàá dání. Nínú ikú bàbá, ó lè jẹ́ ẹni tó ń gbọ́ tẹnu yín láìdá yín lẹ́bi ló lọ. Ó lè jẹ́ ẹni kan ṣoṣo tó rántí bí ẹ ṣe rí ní kékeré. Ó sì lè jẹ́ ìrètí pé lọ́jọ́ kan, ẹ̀yin méjèèjì máa parí ìjà yẹn.

1. Ẹ kọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà sókè ìwé, gbólóhùn kan péré.
2. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ "Ohun tí mi ò ní rí mọ́ ni..." kí ẹ sì parí rẹ̀ lọ́nà mẹ́wàá.
3. Ẹ fa ìlà sábẹ́ mẹ́ta tó mú omi bọ́ lójú yín.

Ẹ má dúró sí ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀kẹrin. Àwọn tó ṣáájú sábà máa ń jẹ́ ohun tí a ti sọ fún àwọn tó wá kí wa títí ó fi mọ́ wa lẹ́nu. Láti ẹ̀kẹfà lọ ni òótọ́ máa ń yọjú.

Àwọn àdánù kan sì wà tí kò sẹ́ni tó ń báni kẹ́dùn lórí wọn: oyún tó bàjẹ́, ọ̀rẹ́ tó yẹra láìsọ ìdí, ajá tó kú, iṣẹ́ tí ẹ fọwọ́ ara yín fi sílẹ̀. Ní 1989, Kenneth Doka, onímọ̀ nípa ọ̀fọ̀ ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa irú ọ̀fọ̀ tí àwùjọ ò kà sí ọ̀fọ̀ yìí, ó sì fún un ní orúkọ tirẹ̀: "disenfranchised grief". Tí tiyín bá wà lára wọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láìtọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́rin tó tẹ̀ léra. Mi ò ṣèdá ìwọ̀n yìí. James Pennebaker àti Sandra Beall, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ló lò ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1986. Lójú ẹsẹ̀, inú àwọn tó kọ nípa ìṣòro wọn bàjẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pa pọ̀ mọ́ bó ṣe rí lára wọn kò lọ sí ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́ wọn tó àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ fi èyí sọ́kàn ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, torí ẹ máa rò pé ẹ ti fọwọ́ fa wàhálà.

- Ẹ kọ ìṣẹ̀lẹ̀ àti bó ṣe rí lára yín. Ọ̀kan nìkan ò tó.
- Ẹ má ṣàtúnṣe gírámà tàbí àmì ohùn.
- Tí ọ̀rọ̀ bá tán, ẹ tún gbólóhùn tó kẹ́yìn kọ títí òmíràn á fi dé.
- Tí ibì kan bá ju agbára yín lọ, ẹ fò ó. Kò sí ẹni tó máa máàkì rẹ̀.
- Ẹ má kà á títí di ọjọ́ karùn-ún.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ mú bírò aláwọ̀ mìíràn, kí ẹ yí i ká àwọn ọ̀rọ̀ tó ń padà wá. Ohun tó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Nígbà kan tí mi ò rí iṣẹ́ kan gbà lẹ́yìn tí mo ti retí rẹ̀ fún ọdún méjì, mo rò pé owó ni mo ń sunkún. Nígbà tí mo ka ohun tí mo kọ, owó jáde lẹ́ẹ̀kan péré. "Wọn ò tiẹ̀ dá mi lóhùn" jáde lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ó yà mí lẹ́nu. Mo máa padà sórí ìyẹn.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ béèrè "kí ló dé tó fi dùn mí?" títí ẹ ó fi kan ilẹ̀

Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ẹ fa ìlà sí tàbí tí ẹ yí bírò ká. Ẹ béèrè ìdí rẹ̀, ẹ dáhùn, kí ẹ tún béèrè ìdí ìdáhùn yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún ti tó. Ẹni tí wọ́n fi ipò dù nìyí:

- Wọn ò fi mí ṣe olórí. *Kí ló dé tó fi dùn mí?*
- Torí èmi ló tọ́ sí. *Kí ló dé tí ìyẹn fi ṣe pàtàkì?*
- Torí mo ti ṣe iṣẹ́ tó yẹ, ojú gbogbo wọn ló ṣe. *Tí mo bá ti ṣe é, tí wọn ò sì fún mi ńkọ́?*
- Á jẹ́ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń ṣeré, ọgbọọgba ni wọ́n. *Kí ló kàn mí níbẹ̀?*
- Mi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa rẹ́ èèyàn jẹ, yálà èmi tàbí ẹlòmíràn.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ipò ti kúrò nílẹ̀ ní ìdáhùn tó kẹ́yìn. Àmì pé ẹ ti kan ilẹ̀ nìyẹn: ìdáhùn náà á dúró kódà tí a bá yọ ọ̀rọ̀ tiyín kúrò nínú rẹ̀.

Ìkìlọ̀: "Kí ló dé tó fi dùn mí?" ni ìbéèrè wa o. "Kí ló dé tí mo fi hùwà òmùgọ̀ bẹ́ẹ̀?" kì í ṣe ìbéèrè, pàṣán ni. Tí ẹ bá rí i pé ọwọ́ yín ń kọ èkejì, ẹ pa ìwé dé, ẹ dìde, ẹ rìn jáde díẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí ibí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá dunni ló jẹni lógún. Nǹkan mẹ́ta wà tó máa ń ya aṣọ rẹ̀ wọ̀.

*Ojú ayé* ni àkọ́kọ́. Ìtìjú lè ta bí ọ̀fọ̀ gan-an. Ẹni tó kùnà lójú gbogbo èèyàn lè rò pé ohun tó kùnà nínú rẹ̀ ló ń sunkún, nígbà tó jẹ́ pé ojú tí wọ́n fi wò ó ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Mi ò sọ pé ojú ayé jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kò sẹ́ni tí kì í wá iyì. Ṣùgbọ́n iyì tó lọ máa ń padà wá tàbí kí a gbàgbé rẹ̀. Tí ẹ bá fi ìgbésí ayé yín tò tẹ̀ lé e, ẹ ó kàn máa sá tẹ̀ lé ojú àwọn èèyàn ni.

*Ẹrù ẹlòmíràn* ni èkejì: àlá òbí, àlá olùkọ́, àlá ẹgbẹ́. Èèyàn lè sunkún ọdún márùn-ún lórí iṣẹ́ dókítà tí kò rí ṣe, kó tó wá yé e pé òun gan-an ò fìgbà kan fẹ́ ẹ. Ẹkún náà kì í ṣe irọ́. Ọ̀rọ̀ àtimú inú ẹnì kan dùn ló ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣègùn, àwọn méjèèjì ò sì fara jọra.

Ẹ̀kẹta ni *ohun tó ti mọ́ni lára*. Ilé tí a kó kúrò, ọ̀nà tí a máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́, ohùn ẹni tí a jọ máa ń jà. Ara máa ń wá a, bí ẹsẹ̀ ṣe ń wá bàtà àtijọ́. Tí a bá fún un láyè díẹ̀, á lọ fúnra rẹ̀.

Ẹ gbé ìdáhùn tí ẹ rí ní ìgbésẹ̀ 3 gba ìdánwò mẹ́rin yìí kọjá:

1. Tí ẹnikẹ́ni ò bá ní mọ̀ láé, ṣé á ṣì dùn mí? Tí ìrora náà bá pòórá, ojú ayé ni.
2. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí mi ò mọ̀ rí, ṣé á bí mi nínú? Tí ó bá bí yín, ohun tó jẹ yín lógún ni.
3. Ohùn ta ni? Ẹ ka gbólóhùn náà sókè. Àwọn kan máa ń gbọ́ ohùn ìyá wọn tàbí ti ọ̀gá wọn kedere. Tí kì í bá ṣe ohùn tiyín, ẹ bi ara yín bóyá ẹ ti gbà á tọkàntọkàn báyìí. Ogún rere wà. Èèyàn lè gba ohun tí òbí fi lélẹ̀ kó sì di tirẹ̀.
4. Kí ni mo ti fi sílẹ̀ rí nítorí rẹ̀? Owó, oorun, àǹfààní, ojú rere ẹnì kan. Ohun tí kò tíì ná wa ní nǹkan kan rí, a lè fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ yẹn kò tíì rí ìdánwò.

Èyí tó bá yege mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ mú un. Tó bá jẹ́ méjì, ẹ fi àmì ìbéèrè sí i, kí ẹ padà wò ó lóṣù tó ń bọ̀.

Tèmi fìdí rẹmi níbi ìdánwò àkọ́kọ́, ó kéré tán ìdajì rẹ̀. Mo ti sọ fún ojúlùmọ̀ púpọ̀ jù pé iṣẹ́ náà ti di tèmi. Tí mo bá ti pa ẹnu mọ́ ni, ìdajì ìrora yẹn ò ní sí. Ìdajì kejì kò lọ. Nígbà tí mo ronú kan ẹlòmíràn tó kọ lẹ́tà, tó ń yọjú wo fóònù rẹ̀ láràárọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò dá lóhùn, inú bí mi gidi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kí a dá èèyàn lóhùn, kódà kó jẹ́ "rárá", jẹ mí lógún ju bí mo ti rò lọ.

### Tó bá jẹ́ àbámọ̀ ló ń jẹ yín

Àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, kò sì sí ẹ̀dùn tó mọ̀nà bíi tirẹ̀. Thomas Gilovich àti Victoria Medvec, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi hàn nínú iṣẹ́ wọn ní 1995 pé ohun tí a ṣe tó bàjẹ́ ló ń dunni jù lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ohun tí a ò ṣe ló ń gba iwájú: ìpè tí a ò pè, ọ̀rọ̀ tí a ò sọ, ìrìn àjò tí a sún síwájú. Nítorí náà, ẹ kọ àbámọ̀ yín sí ọ̀nà méjì, ohun tí mo ṣe àti ohun tí mi ò ṣe. Tó bá ti pẹ́, apá kejì ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.

### Tó bá jẹ́ nǹkan méjì ló ń jà

Ẹni tó lọ ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn kó lè gbọ́ bùkátà ìyá rẹ̀, tí ìyá náà wá kú lẹ́yìn rẹ̀, á máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi bí ẹni tí kò nífẹ̀ẹ́. Rárá o. Nǹkan méjì tó jẹ ẹ́ lógún ló forí gbárí. Shalom Schwartz, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, to irú nǹkan mẹ́wàá tí àwọn èèyàn ń kà sí láyé sínú òbìrí kan ní 1992: àwọn tó sún mọ́ra máa ń rẹ́, àwọn tó kọjú síra máa ń fa ara wọn ya. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ju ẹyọ kan lọ, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á jà. Ẹ kọ orúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ má wá èyí tó jẹ̀bi.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ya àfojúsùn sọ́tọ̀

Àfojúsùn ṣeé parí, ó sì ṣeé pàdánù. Ohun tó jẹni lógún kò rí bẹ́ẹ̀; ọ̀nà téèyàn ń gbà rìn ni. Steven Hayes, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn tí wọ́n jọ gbé ìtọ́jú ọkàn tí wọ́n ń pè ní ACT (Acceptance and Commitment Therapy) kalẹ̀ láti àwọn ọdún 1980 máa ń tẹnu mọ́ ìyàtọ̀ yìí, torí ibẹ̀ ni ìrètí wà fún ẹni tí ilẹ̀kùn kan ti tì mọ́.

Ẹ kọ àfojúsùn tó já, kí ẹ wá kọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹ lè *máa ṣe*:

- "Kí n fẹ́ ẹ." Lábẹ́ rẹ̀: kí n máa jẹ́ ẹni tí ẹlòmíràn lè fẹ̀yìn tì.
- "Kí n di olórí." Lábẹ́ rẹ̀: kí n máa rí i pé wọn ò rẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jẹ.
- "Kí ìyá mi wọ ilé tí mo kọ́." Lábẹ́ rẹ̀: kí n máa ṣìkẹ́ ẹni tó ṣìkẹ́ mi.

Ìkẹta yẹn le jù. Ìyá ò lè padà wá wọ ilé, mi ò sì ní fẹnu dídùn bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣìkẹ́ yín kò lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Tí gbólóhùn yín bá ṣì nílò kí ẹlòmíràn ṣe nǹkan kó tó lè ṣẹ ("kí wọ́n máa bọ̀wọ̀ fún mi"), àfojúsùn ló ṣì jẹ́. Ẹ yí i padà sí ohun tó wà lọ́wọ́ yín.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fi wé bí ẹ ṣe ń gbé

Ẹ wo ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá. Àkókò yín, owó yín, àwọn tí ẹ pè lórí fóònù. Ibo ni ohun tí ẹ kọ yìí ti fara hàn?

Ìgbésẹ̀ yìí kúrú, ó sì ń dunni. Mo ṣí fóònù mi, mo ka ìsọfúnni tí mi ò tíì fèsì sí: mẹ́tàlélógún. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn ti lo oṣù mẹ́rin, ọ̀dọ́ kan tó ń béèrè bí òun ṣe máa wọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe ló sì kọ ọ́. Èmi tí mò ń bínú pé wọn ò dá mi lóhùn! Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ ṣe ohun kékeré kan láàárín ọjọ́ méje

Ohun náà gbọ́dọ̀:

- ṣeé ṣe láàárín ogún ìṣẹ́jú;
- má nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni;
- jẹ́ ohun tí a lè fojú rí pé ẹ ṣe é tàbí ẹ ò ṣe é.

"Màá túbọ̀ jẹ́ èèyàn dáadáa" kò kún ojú òṣùwọ̀n. "Lọ́jọ́ Sátidé màá pe àbúrò mi, màá gbọ́ ọ parí láìdá a lóhùn àfi tó bá béèrè" kún un. Èmi ń fèsì sí mẹ́ta lálẹ́ títí tí mẹ́tàlélógún fi tán.

Ìkìlọ̀: ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má ta ilé, ẹ má fẹ́ ìyàwó tàbí ọkọ, ẹ má kọ ẹni tí ẹ fẹ́ sílẹ̀ nítorí ohun tí ẹ rí nínú ìwé ọjọ́ mélòó kan. Tó bá jẹ́ òótọ́, á ṣì jẹ́ òótọ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ẹni tó wà níbi tí wọ́n ti ń lù ú tàbí tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu nìkan ni kò gbọ́dọ̀ dúró.

## Àṣìṣe tí mo máa ń rí

Wíwá ìpele tí ẹ wà. Ọ̀pọ̀ ti gbọ́ nípa ìpele márùn-ún tí dókítà Elisabeth Kübler-Ross sọ ní 1969 (kíkọ̀ láti gbà pé ó ṣẹlẹ̀, ìbínú, ìdúnàádúrà, ìrẹ̀wẹ̀sì, àti gbígbà), wọ́n á máa bi mí pé, "Mi ò tíì bínú, ṣé kò burú?" Àwọn aláìsàn tó ń kú lọ ló bá sọ̀rọ̀ nígbà náà, kì í ṣe àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀. Kò sí àtẹ̀gùn tí ẹ gbọ́dọ̀ gùn.

Ẹ̀jẹ́ ìbínú. "Mi ò ní fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́." Ọgbà ni ìyẹn, kì í ṣe ohun tó jẹ yín lógún. Ẹ béèrè ohun tí ọgbà náà ń ṣọ́. Ẹni tí kò ka ìfọkàntán sí kì í jẹ́ irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdúpẹ́ àfipáṣe. Kò pọn dandan kí ẹ sọ pé ó dára tó ṣẹlẹ̀. Ẹ lè rí nǹkan kan kọ́ níbi tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ rárá.

Àìsinmi. Ní 1999, Margaret Stroebe àti Henk Schut, àwọn olùwádìí nípa ọ̀fọ̀, ṣàlàyé pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ máa ń lọ máa ń bọ̀ láàárín méjì: ó kọjú sí àdánù, ó tún kọjú sí ìgbésí ayé tó kù láti gbé. Ọjọ́ tí ẹ bá rẹ́rìn-ín, tí ẹ wo bọ́ọ̀lù, tí ẹ gbàgbé fún wákàtí méjì, ẹ ò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Fífi òṣùwọ̀n yín wọn ẹlòmíràn. Ọmọ ìyá méjì lè sin ìyá kan náà, kí ọ̀kan máa sunkún ìjókòó ìrọ̀lẹ́, kí èkejì máa sunkún àdúrà òwúrọ̀. Ìjà ìdílé púpọ̀ lẹ́yìn ikú, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

## Tí ìwé kíkọ kò bá bá yín lára mu

- Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ lórí fóònù, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan náà. Ẹ gbọ́ ọ ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan jáde.
- Ẹ bá ẹnì kan sọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé ẹ ò fẹ́ ìmọ̀ràn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kó máa bi yín: "Kí ló dé tí ìyẹn fi dùn yín?"
- Ẹ gba ọ̀nà ìlara wọlé. Tí ẹkún ò bá wá, ẹ béèrè ẹni tí ẹ ń jowú àti ohun tí ó ní gan-an. Ó máa ń já sí ibì kan náà, àfi pé ìdánwò àkọ́kọ́ ní ìgbésẹ̀ 4 gbọ́dọ̀ le sí i.
- Ẹ lo àkọsílẹ̀ tí ẹlòmíràn ti tò, bíi mẹ́wàá ti Schwartz: òmìnira, ohun tuntun, ìgbádùn, àṣeyọrí, agbára, ààbò, ìgbọràn, àṣà àtayébáyé, inú rere, àti ìfẹ́ gbogbo ẹ̀dá. Èmi kì í fẹ́ kí wọ́n fi èyí bẹ̀rẹ̀, torí gbogbo wa la máa mú "inú rere" tí a bá rí i lórí àtẹ. Ẹ fi wá orúkọ fún ohun tí ẹ ti rí ni.

## Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn lẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́

Ẹ má fi ìtọ́sọ́nà yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó sin òkú lánàá. Ẹ má sì bá a ṣe ìgbésẹ̀ 4 láé; ẹnu ẹlòmíràn ni "ojú ayé lásán ló ń dùn ẹ́" ti máa ń di èébú. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ béèrè nípa ẹni tó kú tàbí ohun tó bàjẹ́, kí ẹ gbọ́, kí ẹ sì rántí ọ̀rọ̀ tó ń padà wá. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tó bá béèrè, ẹ lè sọ fún un pé, "Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ báyìí lò ń tún sọ nígbà yẹn." Kó sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

## Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta

Ẹ kọ déètì òní sẹ́yìn ìwé náà, kí ẹ sì fi fóònù rán ara yín létí ní oṣù mẹ́ta òní. Lọ́jọ́ náà, ẹ ṣí i, ẹ dáhùn mẹ́ta péré:

- Ṣé gbólóhùn tí mo kọ ní ìgbésẹ̀ 5 ṣì jẹ́ tèmi, àbí ìbínú ìgbà yẹn ló sọ ọ́?
- Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti ṣe ohun kékeré yẹn?
- Èwo ni mo fi àmì ìbéèrè sí, kí ni mo sì rò nípa rẹ̀ báyìí?

Tí ìdáhùn kejì bá jẹ́ òdo, ẹ má tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ dín ohun náà kù sí ìdajì, ẹ mú ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yìí.